Orúkọ Bàbá Kossola Lẹ́nu Wa: Àyẹ̀wò Ìwé Barracoon

A júbà àwọn tó ṣáájú wa, àwọn tí ọkọ̀ gbé sọdá àti àwọn tí òkun gbé lọ.

Ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ìwé Òrìṣà. Barracoon ni àkọlé rẹ̀, Zora Neale Hurston ló kọ ọ́. Ó parí rẹ̀ ní 1931, ṣùgbọ́n kò jáde títí di 2018, nígbà tí Hurston fúnra rẹ̀ ti kú láti 1960. Láti ìgbà tó ti jáde ni a ti ń bá a pàdé nínú àwọn ilé Òrìṣà tí a ń lọ níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. A ti gbọ́ orúkọ Cudjo Lewis nínú ìbà. A sì ti gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n pe bàbá náà ní babaláwo tó fi Ifá pamọ́ sábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló mú wa jókòó kọ àyẹ̀wò yìí. A ti ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì ti ka apá kan rẹ̀ sókè fún àwọn àgbà ilé wa. A kò rí Ifá níbẹ̀. Ohun mìíràn ni a rí, ó sì tó ohun tí à á pe ara wa jọ lé lórí.

Fún ẹni tí kò tíì kà á, ìtàn náà nìyí ní ṣókí. Ní 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti sọ kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkè òkun di èèwọ̀, olówó kan ní Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, Timothy Meaher, rán ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah. William Foster ni ọ̀gá ọkọ̀. Àwọn ènìyàn tó kó bọ̀ tó nǹkan bí 110. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n kó wọn pamọ́ sínú igbó etí omi, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ìjọba má baà rí ẹ̀rí. 2019 ni àwọn onímọ̀ tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àfọ́kù tí wọ́n rí nínú odò Mobile, Clotilda ni. Ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni Kossola, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis. Ó tó ọmọ ọdún 19 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dahomey, ya wọ ìlú rẹ̀ ní ìdájí. Sylviane Diouf, onímọ̀ ìtàn tó kọ ìwé pàtàkì lórí àwọn ará Clotilda ní 2007, tọpa rẹ̀ dé agbègbè Bantè, láàárín àwọn Ìṣà, àwọn Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí. Ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ni ó fi sìn gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Lẹ́yìn òmìnira, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ Meaher pé kó fún wọn nílẹ̀ díẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tu owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó, African Town, tí à ń pè ní Africatown báyìí. Bàbá náà kú ní 1935.

Hurston lọ bá a lẹ́nu ilé rẹ̀ ní 1927 àti 1928, nígbà tí bàbá ti ń sún mọ́ ẹni ọdún 90. Bí ó ṣe ṣe iṣẹ́ náà ni ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ yìn. Ó gbé èso píìsì lọ, ó gbé bàrà olómi lọ, ó gbé ẹran lọ. Ní ọjọ́ tí bàbá bá ní òun fẹ́ roko, á bá a ṣeré níbẹ̀ tàbí kó padà sílé. Nígbà tí bàbá dé ibi tó ti ń sọ bí àwọn ọmọ ogun Dahomey ṣe gbé orí àwọn ará ìlú rẹ̀ dání lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fi ibi tó jókòó sí sílẹ̀. Hurston rí i, kò bi í ní ìbéèrè kankan, ó dìde jẹ́jẹ́, ó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé fóònù sí iwájú ẹnu àgbà láti gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kejì tí a yìn ni pé kò tún ọ̀rọ̀ bàbá ṣe. Gẹ̀ẹ́sì tí Kossola kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹrú àti láàárín àwọn dúdú Alabama ni ó fi sọ̀rọ̀, Hurston sì kọ ọ́ bí ó ṣe jáde. Ilé ìtẹ̀wé kan ní àwọn á gbà á bí ó bá lè yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé. Hurston kò yí i. Ìwé náà wà nínú àpótí títí òun náà fi kú. Nígbà tó yá ni Deborah Plant ṣètò rẹ̀ fún ìtẹ̀jáde láti inú ẹ̀dà tó wà ní Yunifásítì Howard. Àwọn kan nínú wa rojú nígbà tí a kọ́kọ́ ń kà á, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń tàbùkù bàbá. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ àgbà Yorùbá tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ọjà dúnàádúrà ní Brooklyn tàbí ní Peckham mọ̀ pé ọgbọ́n ń bẹ nínú irú èdè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ohùn ẹlòmíràn ni à bá máa kà.

Ṣùgbọ́n etí Hurston ní ibi tó mọ. Kò gbọ́ Yorùbá. Ibi tí èyí ti pa wá lára jù lọ ni ọ̀rọ̀ orúkọ, ibẹ̀ ni a ó sì ti pẹ́ díẹ̀.

Bàbá sọ fún Hurston pé orúkọ méjì méjì ni òun àti ìyàwó òun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan kí wọ́n má baà gbàgbé ilé, èkejì fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó má baà ṣòro pè lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Gbogbo wa tí a bímọ sí òkè òkun la mọ ọgbọ́n yìí, ó ṣe tán, òun náà la ń dá títí dòní. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin kan. Hurston kọ orúkọ ilé wọn sílẹ̀ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ orúkọ àkọ́bí, tí wọ́n ń pè ní Aleck ní ìta, báyìí: Yah-Jimmy. Ẹ pè é kíákíá, ẹ tún un pè jẹ́jẹ́. Diouf kọ ọ́ ní Iyadjemi, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí pé ẹni náà ti jìyà. Ìyà jẹ mí. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí lẹ́yìn òmìnira ni. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí orúkọ yìí kò ní gbá láyà.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Hurston kò fi àmì ohùn sí i, kò sì mọ̀ pé ó yẹ kó fi sí i. Olórìṣà tó bá fẹ́ lè gbé ohùn sókè lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kó kà á sí Ìyájẹ́mi, kó ní Yemọja ni àwọn òbí náà ké pè tó sì jẹ́ wọn. A ti gbọ́ irú àlàyé yìí, ó sì dùn mọ́ etí. Ohun tí ó ta kò ó ni pé ìtumọ̀ tó bá ìgbésí ayé àwọn tó sọ ọmọ lórúkọ mu ni ti ìyà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí àwọn òbí yìí sì ń wò ni ilé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ìdè. Ẹ wo ohun tí àmì ohùn kan lè ṣe: òun ló ń sọ bóyá ẹkún ni wọ́n fi orúkọ yìí sun tàbí ọpẹ́ ni wọ́n fi dá. Àwọn orúkọ yòókù tún ṣòro ju èyí lọ. Ah-no-no-toe, ta ni nínú wa tó lè dá a padà sí bí ó ti wà? Ìṣà kì í ṣe Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Yorùbá inú ìwé tí púpọ̀ nínú wa kọ́. Ẹni tó bá fi Yorùbá ilé ẹ̀kọ́ tún orúkọ wọ̀nyí kọ láìbéèrè, ohun tí ilé ìtẹ̀wé yẹn fẹ́ kí Hurston ṣe ni òun náà ń ṣe.

Orúkọ bàbá fúnra rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Diouf ní ó jẹ mọ́ ìdúpẹ́ òbí tí ọmọ rẹ̀ kò kú mọ́. Bí èyí bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ àwọn Kòsọ́kọ́ àti Málọmọ́ ni orúkọ náà wà, àwọn orúkọ tí àwa tí a ń bọ Ẹgbẹ́ mọ̀ dáadáa. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ pé ikú ti dáwọ́ dúró ni ó dàgbà tán tó wá ń rí ikú àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣáájú, àìsàn ló pa á. Igbákejì ṣẹ́ríìfù kan yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ní 1902. Ọkọ̀ ojú irin pa òmíràn. Ọ̀kan jáde nílé, kò padà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 1908, àkọ́bí sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Nígbà tí Hurston fi máa dé, òun nìkan ló kù nínú agbo ilé tí òun àti aya rẹ̀ dá sílẹ̀. Hurston pè é ní Kossula lẹ́nu ọ̀nà, bàbá sì sunkún ayọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó tún ń pe òun ní orúkọ òun láti òkè òkun mọ́. A kò mọ ojú ìwé tó dùn wá tó ti ibí yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀rọ̀ awo, nítorí òun ni àwọn olórìṣà kọ́kọ́ ń wá. Bàbá ròyìn bí wọ́n ṣe mú òun wọ ilé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó ní àwọn gbọ́ ìró kan tí ń bú ramúramù nínú igbó, tí wọ́n sì ní kí àwọn wá a lọ. Diouf ka ibẹ̀, ó ní Orò ni. Àwa náà kò jiyàn. A kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé tí tọkùnrin tobìnrin yóò kà. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé obìnrin ni ẹni tí bàbá ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti kúrò níbi tí èèwọ̀ náà ti ń mú ènìyàn. A ti jà lórí èyí nílé wa. Àwọn kan ní kò yẹ kí a kà á sókè rárá. Èrò tiwa ni pé arúgbó tó dá wà, tí kò ní ọmọ tí yóò fà á lé lọ́wọ́, kó ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ bá a wí, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún.

Ibi tí ìwé náà ti gbé wa lọ síbi ìtìjú ni ọ̀rọ̀ ìyẹ́ ọ̀kín. Bàbá ní nílé, ẹni tí wọ́n bá ti kọ́ tí ó yege ni ó ń gba ìyẹ́ ọ̀kín, nígbà tí àṣírí bá ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ó wá ní òun rí ọ̀pọ̀ obìnrin ní Amẹ́ríkà tó ń fi ìyẹ́ náà ṣe ọ̀ṣọ́, tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò bínú sí wọn, ó kàn wí i. Àwa ńkọ́? Àwa tí à ń pe ìkóóde ní ẹ̀rí ìbí tuntun, tí àwọn ará Bùràsíìlì ń pè ní ekodidé, mélòó nínú wa ló lè jókòó fi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ wa kí wọ́n tó so ó mọ́ wa níwájú orí? Ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ lọ́rùn wa. Ní ọdọọdún là ń rí ẹni tó lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì tó bọ̀ pẹ̀lú oyè, tí kò lè ki Òrìṣà tó gbé bọ̀. Kossola kò gbé nǹkan kan sọdá òkun, wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 67 lẹ́yìn náà, ó ṣì lè to ẹ̀kọ́ tó gbà lẹ́sẹẹsẹ.

Nísinsìnyí, Ifá dà? Òrìṣà dà? Wọn kò sí nínú ìwé yìí. Bàbá wọ ìjọ, àwọn ará African Town kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ní 1872 nítorí pé àwọn ará ìta ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òun sì ni ó ń tọ́jú ibẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ó sọ ọ́ láìfi bò. Kì í ṣe pé Hurston kò mọ ohun tí òun ì bá bi í: ní 1928 kan náà ló ń gba ìwọlé lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn hoodoo ní New Orleans, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé Mules and Men ní 1935. Bí bàbá bá ní ojúbọ lẹ́yìnkùlé, obìnrin yìí ni ì bá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ ọ́ di babaláwo, orúkọ kẹta ni ó tún ń fún un lẹ́yìn Kossola àti Cudjo, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè nípa rẹ̀. Ó tó kí àwọn tó rà á sọ ọ́ lórúkọ; kì í ṣe àwa ló yẹ kó tún bẹ̀rẹ̀.

Ibòmíràn wà tí àwọn kan nínú wa máa ń fò kọjá nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí sókè. Ọmọ ogun Glele, tọkùnrin tobìnrin, ló kó ìlú Kossola. Èèyàn dúdú ló tà á fún Foster. Alice Walker, tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé náà, kò sá fún un. Wọ́n ní bí a bá ń sọ èyí, à ń fún ọ̀tá ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n gbàgbé Gumpa. Ọmọ Dahomey ni Gumpa, ẹni ńlá ni nílé, wọ́n kó o mọ́ wọn sínú Clotilda. Nígbà tí àwọn ará African Town fẹ́ yan olórí, òun ni wọ́n yàn. Bàbá ní àwọn kò bínú sí i nítorí ohun tí ọba rẹ̀ ṣe, nítorí kì í ṣe òun ló ṣe é. Bí wọ́n bá gé ẹ̀ṣẹ̀ Dahomey kúrò nínú ìtàn yìí, ìyànsípò Gumpa kò ní ìtumọ̀ mọ́. Á kàn dà bí ẹni pé wọ́n yan olórí kan ṣáá. Nínú gbogbo ohun tí ìwé yìí ní tí à bá fi yangàn gẹ́gẹ́ bí èèyàn dúdú, èyí la fi ṣíwájú, ó sì wà lára ojú ìwé tí wọ́n ń ṣí kọjá.

Bákan náà ni ti àwọn dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ Kossola ní ọmọ ẹhànnà, tí wọ́n ń fi wọ́n wé ọ̀bọ, títí àwọn ọmọ fi ń bá wọn jà. Ìyẹn ṣì ń ṣẹlẹ̀, lọ́nà méjèèjì. A mọ àwọn Yorùbá òkè òkun tó ń fi ojú tín-ín-rín wo olórìṣà tí wọ́n bí ní Chicago tàbí ní Oakland.

Àléébù kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ bò mọ́lẹ̀. Àpilẹ̀kọ tí Hurston kọ́kọ́ gbé jáde lórí bàbá ní 1927, àdàkọ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti inú ìwé tí Emma Langdon Roche tẹ̀ jáde ní 1914. Nínú Barracoon, ó padà lọ gbọ́ tẹnu bàbá fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yọ níbi ẹ̀kọ́, inú Barracoon ni kí ẹ ti fà á, ẹ fi àpilẹ̀kọ yẹn sílẹ̀.

Ẹ sì jáwọ́ nínú pípe bàbá ní ẹni ìkẹyìn. Hannah Durkin, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fihàn pé Redoshi wà láàyè di 1937, àti pé Matilda McCrear, tí ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kú ní Selma ní 1940. Àbákẹ́ ni orúkọ tí ìyá Matilda sọ ọ́. Orúkọ yẹn kò nílò ìtúmọ̀ fún wa. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò mọ Àbákẹ́ kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìbà. Ṣé ó yẹ kí a máa pe Kossola níbi tí a ti ń júbà? Bàbá fúnra rẹ̀ sọ fún Hurston ìdí tí òun fi gbà láti sọ̀rọ̀: kí ẹnì kan lè lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà lọ́jọ́ kan, kó pe orúkọ òun, kí ẹni tó wà níbẹ̀ sì ní òun mọ Kossola. Nílé tiwa, ohun tó mú wa gbà nìyẹn. A ń pè é gẹ́gẹ́ bí Kossola, ọmọ agbègbè Bantè, ọkọ Abila, tó kú sí Alabama. A kò fi babaláwo tàbí olórìṣà kún un, a kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rẹ́. A ń pe Redoshi àti Àbákẹ́ tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ Kossola mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a kò tíì máa pè, nítorí orúkọ wọn kò tíì já gaara lẹ́nu wa. Ẹni tó bá mọ àgbà tó gbọ́ Ìṣà, ní Bantè tàbí níbikíbi, tó lè jókòó tì wá kó pe ohun tí Hurston kọ sílẹ̀ náà bó ti yẹ kó dún, kó jẹ́ kí a gbọ́.